Kàmọ́rù, Má Tún Pa Dátà Rẹ Lọ́jọ́ Ìkómọ

Ilé wa, Oko Ọba, Agége.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Kàmọ́rù,

Àsàlámù àléékù. Mi ò ní béèrè àlàáfíà rẹ. Ìyàwó rẹ ti sọ fún ìyá rẹ pé ara rẹ le, pé o ń jẹun, pé o ti ra báàgì tuntun, àti pé ilé iṣẹ́ yín tún fẹ́ rán ọ lọ sí ìlú Tọ́kì láti kọ́ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n rà, pé lọ́tẹ̀ yìí o máa pẹ́ níbẹ̀. Ẹnu ìyá rẹ ni mo ti gbọ́. Èmi bàbá rẹ, ẹnu obìnrin ni mo ti ń gbọ́ ìrìn àjò ọmọ mi, bí ẹni pé ará àdúgbò lásán ni mí.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́. Mo gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ nígbà Iléyá, mo tún fi òmíràn ránṣẹ́ nígbà tí òtútù mú ọmọ. Títí di òní ni mò ń wò ó, àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì rí eérú, kò yí padà sí búlúù. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ní mi ò kàwé, ẹnikẹ́ni ò ní mi ò ríran. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ràmọ́tà ìyàwó rẹ ni màá fún ní ìwé yìí, màá ní kó tì í sí abẹ́ aṣọ rẹ nínú báàgì tuntun, kí o lè bá a pàdé níbi tí o kò ti ní lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

Oríkì rẹ tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mi ò ní fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Inú mi ò tíì rọ̀ débẹ̀.

Kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn, nítorí ó dà bí ẹni pé o ti gbàgbé. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá mi Bùráímọ̀ fi kú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo wá kọ́ l'Ékòó: bí mọ́tò iná ilé iṣẹ́ bá jóná, èmi ni màá tú wáyà bàbà tó wà nínú rẹ̀ síta, tí màá fi tuntun wé e padà, kó lè máa yí. Láti Àgídìngbì títí dé Ọ̀gbà, wá ilé iṣẹ́ kan fún mi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì gba ọwọ́ mi kọjá. O ò ní rí i. Òyìnbó ti dúró tì mí rí nínú oòrùn, ó ń fi ìwé fẹ́ mi kí n má baà làágùn sínú iṣẹ́ òun. Nínú wáyà yẹn ni ilé alájà tí a bí ọ sí ti jáde. Inú rẹ̀ ni yunifásítì rẹ ti jáde, tí gbogbo ayé fi ń pè ọ́ ní ẹńjiníà. Àti pé èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti wọ bàálù lọ sí Ṣáínà, mo ti lọ sí Dùbáì, mo ti lọ sí Mẹ́kà kí o tó mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Síìmù tí mo ti sọ nù nìkan pọ̀ ju èyí tí o tíì lò lọ.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ ìkómọ yẹn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwọ kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí o wà ní Tọ́kì ìgbà àkọ́kọ́, Ràmọ́tà bí ọmọkùnrin. O pè mí lọ́jọ́ kejì láti òtẹ́ẹ̀lì rẹ, ẹnu rẹ kò padé. Mo ní, "Orúkọ wo lo mú fún un?"

O ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í sọ orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ó wà nínú mi. Èmi fúnra mi ni màá pè é lórí fóònù lọ́jọ́ náà, kí Alfa wá sọ ọ́ sí i létí."

Orí mi wú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ yìí mọ àṣà. Mo wá bi ọ́ pé, "Dátà wo lo ń lò níbẹ̀?"

"Mo ti pa síìmù Nàìjíríà mi àti dátà rẹ̀, Bàbá. Owó tó ń jẹ ti pọ̀ jù. Wáìfáì òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń lò."

"Bí o bá kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé oúnjẹ kan wà níwájú ilé iṣẹ́ tí a ti ń kọ́ṣẹ́, àwọn náà ní Wáìfáì. Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, ẹ jẹ́ kí n mójú tó o."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, kí n jẹ́ kí o mójú tó o! Èmi tí mo fi ẹ̀rọ bọ́ ọ! Mo gbé e mì. Mo ní ọmọ ló bí, ayọ̀ ló ń gùn ún.

A dá ìkómọ sí aago mẹ́wàá. Ìwọ lo ní aago méjìlá lọ́dọ̀ yín nìyẹn, pé ẹ ó ti jáde lọ jẹun. Mo ti ra àgbò sílẹ̀. Oko Ọba ni mò ń gbé, ẹnu ọ̀nà ilé ẹran, àwọn tó ń ta á mọ̀ pé n kì í ra èyí tó rù. Alfa Sàká ti jókòó kí aago tó lù. Ràmọ́tà gbé ọmọ sẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ gbé fóònù mi lé orí àga kékeré níwájú Alfa, ó fi ife tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Gbogbo ilé kọjú sí fóònù bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Aago mẹ́wàá lù. Fóònù kò dún.

Ìyá Ràmọ́tà, àna rẹ láti Ìjẹ̀bú, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Àna mi, ṣé fóònù ọ̀hún ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni? Àbí ó ṣì ń lé tìróò?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò ní ìbínú nínú.

Mo pè ọ́. Ohùn inú ẹ̀rọ ní a ò lè bá nọ́ńbà náà sọ̀rọ̀. Mo tún pè ọ́. Bákan náà. Alfa ka àdúà gígùn kan láti fi ti àsìkò, ó kà á tán, ó tún mú òmíràn. Ọmọ sunkún, ó dákẹ́, ó sùn. Àgbò ń ké lẹ́yìnkùlé. Alfa wá rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Alájì, mo tún ní ìkómọ kan ní Onígbòǹgbò. Wọ́n ń retí mi."

Ìyá rẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí i, Bàbá Kàmọ́rù. Ọmọ yìí á pè."

Ibẹ̀ ni Ìyá Ràmọ́tà ti sọ ọ̀rọ̀ kejì. Kò fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ó ní, "Alájì, níbi ìdána, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ẹńjiníà lẹ fẹ́ fi ọmọ wa fún. Ẹńjiníà wo ni kò lè tan fóònù lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń gba orúkọ?"

Lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wo ojú mi. Kàmọ́rù, láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, kò sí ẹni tó wo ojú mi bẹ́ẹ̀ rí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n wo ilé mi, wọ́n rí fóònù tí kò dún. Mo dìde. Mo ní, "Bùráímọ̀ ni orúkọ rẹ̀." Alfa tẹ̀ ba, ó sọ ọ́ sí ọmọ létí. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo wo Ràmọ́tà. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Òun kò ṣe àmín.

Ìgbà tí o pè, a ti kírun Àsárì. A ti pa àgbò, a ti pín in, àwọn èèyàn ti nu ẹnu. Ojú rẹ yọ nínú fóònù, òógùn bò ọ́, o ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n tú ẹ̀rọ kalẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Ó yá, ẹ fún Alfa ní fóònù. Fáwàsì ni orúkọ rẹ̀."

Mo ní, "Alfa ti lọ. Ọmọ ti lórúkọ. Bùráímọ̀ ni."

O gbé fóònù sún mọ́ ojú. O wá ní, "Orúkọ arúgbó lẹ wá sọ ọmọ mi?"

Orúkọ arúgbó. Bàbá mi. Fóònù ń ké síta, Ìyá Ràmọ́tà sì jókòó níbẹ̀, ó ń fi eyín họ eegun, ó ń gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ ní, "Ẹ fi Fáwàsì kún un o, Bàbá Kàmọ́rù. Orúkọ kì í pọ̀ jù fún ọmọ." Mo ní rárá. Mo ní orúkọ tí kò bá ìkómọ, kó máa bá ẹ̀rọ tí wọ́n ń tú lọ. Mo tún ní Fáwàsì dún bí orúkọ ọṣẹ. Mo sọ ọ́. O gbọ́ ọ. O sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Láti ìgbà tí o ti dé, ẹ̀ẹ̀kan péré lo wọ ilé yìí, ìgbà tí o mọ̀ pé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Àgídìngbì lo sì wá. Láti Onígbòǹgbò tí ò ń gbé sí Oko Ọba, ìlú Tọ́kì ló sún mọ́ ọ jù. Ràmọ́tà ló ń gbé ọmọ wá kí wa. Bó bá wà ní yàrá ìyá rẹ, mò ń gbọ́ ọ tó ń pè é ní Fáwàsì. Bí mo bá ti yọjú, ó di Bùráímọ̀. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wo ẹnu ẹni kó tó dáhùn.

Ràmọ́tà tún ti lóyún. Oṣù tí yóò bí, ìwọ yóò wà ní Tọ́kì. Ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ tó ń bọ̀ yìí, ǹ bá dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi bò mí. Nítorí náà gbọ́.

Èkínní. Má yọ síìmù Nàìjíríà rẹ kúrò nínú fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ ra wáyà bàbà ní Ṣáínà, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo yọ tèmi, mo fi ti ibẹ̀ sí i. Níbo ni mo tọ́jú tèmi sí? Etí fìlà. Mo ní olè wo ni yóò dé etí fìlà mi. Nínú ọjà, ooru mú, mo ṣí fìlà, mo fi ń fẹ́ ara. Síìmù bá afẹ́fẹ́ lọ, mi ò mọ̀. Ìgbà tó di pé kí n sanwó, báńkì ní àwọn ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí fóònù mi. Fóònù wo? Èyí tí síìmù rẹ̀ wà lábẹ́ bàtà àwọn ará Ṣáínà! Wọ́n ti di ẹrù mi sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n tún tú u kalẹ̀ lójú mi. Ẹni tó ni ọjà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀, a ò gbédè ara wa. Báńkì rẹ, àwọn èèyàn rẹ, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́, síìmù yẹn ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti yọ orúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí o kàn pa dátà rẹ̀ nígbà tí o kò bá lò ó, kó lè máa gba ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́.

Èkejì. Kí o tó kúrò ní Ìkẹjà, kí o tó wọ inú pápá ọkọ̀ òfurufú rárá, ra dátà ìrìn àjò sórí síìmù yẹn. Gbogbo àwọn tó ń ta láìnì ló ní i. Èyí tí a rà sílẹ̀ kì í jẹni bí èyí tí a kàn gbàgbé sí títàn. Èmi gbàgbé tèmi sí títàn ní Dùbáì. Kí ẹrù mi tó yọ, fóònù ti ń gbé gbogbo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò fi ránṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, àdúà òwúrọ̀, fídíò ológbò tó wọ ṣòkòtò. Gbogbo owó orí fóònù mi tán. Ológbò ló jẹ ẹ́, Kàmọ́rù. Lọ sínú fóònù rẹ, kí o pa gbogbo ohun tó ń gba nǹkan sílẹ̀ láìjẹ́ pé o rán an.

Bí o bá débẹ̀, wá síìmù tiwọn kún un. Bí fóònù rẹ kò bá gba ẹyọ méjì, èyí tí kò ní ara wà, tí wọ́n ń pè ní í-síìmù. Láti ìhín ni wàá ti rà á, tí yóò ti wọ inú fóònù láìfọwọ́ kàn án. Ojú ọ̀nà méjì ni kí o ní, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìgbà kejì tí mo lọ sí Ṣáínà, síìmù tiwọn kò ṣí ohun tí a fi ń rí ojú ara wa, ti Nàìjíríà ni mo fi rí ìyá rẹ. Ní ibòmíràn tiwọn ló dára jù. Ẹni tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, bí wọ́n bá fi igi dí i, ó di ẹni à ń wá.

Wáìfáì òtẹ́ẹ̀lì, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Wáìfáì ọ̀fẹ́ dà bí ife ẹnu kànga: gbogbo ẹnu ló ń kàn án, a ò mọ ẹni tó tutọ́ sí i. Má ṣí báńkì rẹ lórí rẹ̀. Má sì fi ohun tó bá ṣe kókó nínú ayé rẹ lé e lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe tìrẹ. Bí o bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbàgbé rẹ. Ó ti gbàgbé rẹ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ ń gba orúkọ, àbí kò gbàgbé rẹ?

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Kò sí ẹnìkan ní gbogbo Tọ́kì tí a mọ̀. Ìyá rẹ ń bi mí pé, "Ṣé ẹ ní nọ́ńbà ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́? Ẹni tí wọ́n jọ lọ ńkọ́?" Mi ò ní nǹkan kan. Ọmọ tí mo bí wà lẹ́yìn òkun, bí ẹni tó sọnù sínú igbó. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ nọ́ńbà ẹni tí ẹ jọ ń lọ sílẹ̀ fún Ràmọ́tà, kọ ti òtẹ́ẹ̀lì, kọ ti ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ wọn, kódà bó bá jẹ́ pé èdè ẹyẹ ló ń sọ. A ó máa pariwo orúkọ rẹ sí i létí títí yóò fi yé e.

Mo tún fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ìpè lásán, tí kò lo dátà, kò sí nínú fóònù rẹ lọ́jọ́ yẹn ni? Síìmù Nàìjíríà rẹ wà nínú fóònù lápò rẹ. O lè yà sí kọ̀rọ̀, kí o tan án, kí o pè mí, kí o sọ orúkọ kan péré, kí o pa á. Yóò jẹ owó, mo mọ̀. Kí lowó ń ṣe lápò ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì lórúkọ? Àbí ẹ̀rù ọ̀gá ló bà ọ́? Sọ fún un. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí o sọ fún un pé ní ìlú tiwa, bàbá ọmọ kì í ṣe àlejò níbi ìkómọ, pé bí aago méjìlá bá lù, ẹ̀rọ tó bá fẹ́ kó tú, ìwọ yóò jáde. Èmi ti fi ẹ̀rọ Òyìnbó sílẹ̀ ní títú rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ọ jáde. Ó bú mi, ó tún wá bẹ̀ mí.

Àwọn kan á ní kí n gbà ọ́ níyànjú pé kí o sọ orúkọ ọmọ tó ń bọ̀ sí Ràmọ́tà létí kí o tó lọ, bó jẹ́ ọkùnrin báyìí, bó jẹ́ obìnrin báyìí, kí àníyàn tán. Ìyá rẹ ti sọ ọ́. Mi ò gbà. Mi ò tún fẹ́ kí orúkọ ọmọ kankan ti ẹnu ẹlòmíràn jáde nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé. Mo ti wo ohun tó ń ti ibẹ̀ wá. Mò ń wò ó lójú ọmọ kan tó ń wo ẹnu wa.

Ṣé o rántí nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń jókòó sórí táyà ní ṣọ́ọ̀bù mi? Bí mo bá wé wáyà tuntun sínú mọ́tò tán, n kì í kàn gbé e sí iná. Gílóòbù kékeré kan ni màá kọ́kọ́ mú. Màá fi wáyà kan kàn án níhìn-ín, màá fi ìkejì kàn án lọ́hùn-ún. Bó bá tàn, wáyà ò já. Bí kò bá tàn, ibì kan ti já nínú, bó ti wù kí ìta rẹ̀ dán tó. Ìwọ lo máa ń pariwo, "Ó tàn, Bàbá! Ó tàn!" Mi ò lè fi ojú wo inú wáyà, mi ò sì lè fi ojú wo inú rẹ. Gílóòbù yẹn ni mo fi ń mọ̀.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀ Tọ́kì, kí o tó lọ gba báàgì, tan dátà rẹ. Lọ sí ohùn tí mo fi ránṣẹ́ nígbà Iléyá, kí o tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kí o fèsì. Àwọ̀ búlúù yẹn ni mo fẹ́ rí.

Ọmọ tó ń bọ̀ yìí, èmi kọ́ ni màá sọ ọ́ lórúkọ. Kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ kẹjọ bá pé, màá ra àgbò, màá pe Alfa, màá gbé fóònù sórí àga yẹn, ìyá rẹ yóò fi ife tì í lẹ́yìn. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí kò dún, a ó jókòó. Bí Alfa bá ní òun ń lọ sí Onígbòǹgbò, kó lọ kó padà wá bá wa. Kí àgbò máa ké. Kí Ìyá Ràmọ́tà sọ èyí tó wù ú, kí ó tún un sọ, kí gbogbo Ìjẹ̀bú wá wo ojú mi. Mi ò ní dìde. Èmi tí mi ò dúró de ẹnikẹ́ni rí láyé mi, tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló máa ń dúró dè mí, èmi ni màá jókòó ti fóònù títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí mi ò ní la ẹnu.

Bí o kò bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi lórí àga yẹn lójú àwọn àna rẹ, Àkànní, tan dátà rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alájì Sàlámì ọmọ Bùráímọ̀,
bàbá àgbà Bùráímọ̀ Fáwàsì.